Ọjọ́ Kẹsàn-án Létí Adágún Èjìbà

Apẹja kan ló fà á jáde:
bàtà ẹsẹ̀ òsì, okùn rẹ̀ ṣì wà ní síso.
Títíládùn ní kì í ṣe ti àbúrò òun.
Ó tún un wò.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Rédíò ní èèyàn mẹ́rin, ọlọ́pàá ní márùn-ún;
àwa, ẹyọ kan péré là ń kà.
Omi tẹ́ pẹrẹsẹ
bí ẹni pé bàálù kankan ò já sínú rẹ̀ rí.

Ìyá ò jẹ́ ká pè é lókùú.
Láràárọ̀ a kọjú síbi tí epo ti ń dán,
a kí i bí a ṣe ń kíra nílé:
“Okun o, Fúnṣọ́.”

Lékeléke kan gbéra.
A dúró díẹ̀ sí i.
Láti kékeré,
Fúnṣọ́ kì í kúkú tètè dáni lóhùn.