Agolo Kajú

Nígbà tí kajú gbó tán ní Ìyàrà,
tí èéfín yíyan rẹ̀ ń ta wá lójú láàárọ̀,
mo ka hóró sínú agolo mílíìkì,
mo gbé e sójú fèrèsé.
Jẹ́milúyì, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń wò mí bí ológbò.

Ìyá ọkọ mi ní etí là ń fà.
"Bá a ṣe fa ti bàbá rẹ̀ nìyẹn, ó sì gbọ́."
Mo dákẹ́. Mo mọ bàbá rẹ̀.
Ọdún méje tí mo ti ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀,
àwo òfìfo ló ń dá mi lóhùn.

Ọjọ́ kìíní, mo bu omi fún ọmọ. Ó mu ún, ó nu ẹnu.
Mo dúró.
"Ẹ ṣé," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń yá owó.
Kó tó pa ẹnu dé, hóró kan ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ọpẹ́ ti kún ilé.
Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àga. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́ Ìyá Bámitálẹ́,
ewúrẹ́ tó jẹ gèlè mi!
Ọwọ́ ló ń tẹ́, ojú ń bẹ lára agolo.
Wọ́n ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà;
tèmi ti ka òwe náà bí ìwé gbèsè.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ hóró kù, mo ń fi ọ̀rọ̀ dí i,
kì í ṣe "ọmọ dáadáa" lásán, ọ̀rọ̀ tó ní ojú àti imú:
"Bàbá Ọlọ́runlékè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lè bá ọ so bàtà.
O rí i, o sì sọ fún un. Ṣé o rí eyín rẹ̀?"
Ó ní òun rí i. Mẹ́ta ni.

Òjò dé. Kajú tán lóko.
Eku jẹ ìyókù inú agolo, kò sẹ́ni tó bèèrè.

Lánàá, ìyá ọkọ mi ń gúnyán, òógùn bo ojú rẹ̀.
Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Ọ̀kun o, Màmá. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ̀ ń gúnyán. Ṣé apá ò dùn yín?"
Odó dákẹ́.
Màmá wo etí ọmọ náà pẹ́.

Lálẹ́, mo gbé iyán síwájú bàbá rẹ̀.
Jẹ́milúyì jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀.
Ó tẹjú mọ́ ọn títí.
Ọkọ mi wúkọ́. Ó wo ògiri, ó wò mí.
"O ṣé o."

Ọmọ dìde, ó wa ìsàlẹ̀ àpò ṣòkòtò rẹ̀,
ó fi hóró kajú kan, tí òwú ti lẹ̀ mọ́ lára,
sí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.