Ihò Kan Lára Táǹkì Bàbá

Ọjọ́ kẹta tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Ẹ̀gbẹ̀
ni mo dé láti Kàbà, àpò irinṣẹ́ léjìká.
"Ọ̀kun o," ni Iye kí mi, kò dìde.
Orúnkún ọ̀tún ti di òkúta,
ọwọ́ tó fi ń pọnmi lánàá
kò lè ká mọ́ ife lónìí.

Táǹkì Bàbá ṣì wà lẹ́yìn balùwẹ̀,
onike, dúdú, ó wú níkùn bí ẹni tó yó,
lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tí ọ̀kan ti sán.
Kò ga ju àyà mi lọ.
Ọdún tí kọfí lówó lórí ló rà á,
ó gbé e láti Ìsánlú lórí ọkọ̀ oníṣu,
ó jókòó tì í, ó fọwọ́ dì í mú bí ìyàwó tuntun.
Ó fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára;
oòrùn ti jẹ ẹ́, ó ku lẹ́tà mẹ́ta.

Èmi ni kí n wá dá ihò sí i.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi báírò fa òbìrí.
Ìbítóyè, tó yá mi ní ẹ̀rọ ìdáhòlu,
na ọrùn lókè ògiri:
"Ike ni o, ọmọ Iye! Ike àti iná,
ta ní ń tẹ́ ẹní kan ṣoṣo fún wọn?"
Mo ní omi ni yóò sùn sáàárín wọn.
Bí omi bá ti bo irin náà mọ́lẹ̀,
tí irin ò fara kan ike,
ìjà ò sí.
Ó ní: ọjọ́ tí omi bá tán ńkọ́?
Mo dákẹ́. Ìbéèrè gidi ni.
Mo lọ wá fùlótì so mọ́ ọn nínú,
èyí tí yóò máa pa iná bí omi bá lọ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ké. Ike ń já bọ́ ní wíńní-wíńní,
ó ń lọ́ pọ̀ bí irun ọmọ tuntun lábẹ́ abẹ.
Mi ò wo ojú Iye.
Nígbà tí pèlébé róbótó yẹn já sínú,
a gbọ́ ọ nísàlẹ̀, nínú òkùnkùn.

Wọ́ṣà róbà nínú, wọ́ṣà róbà lóde,
nọ́ọ̀tì, sípánà, díẹ̀, díẹ̀.
Ike kì í gba agídí; bí o bá fún un jù, yóò ya.
Wáyà mẹ́ta: èyí tó ń mú iná bọ̀, èyí tó ń dá a padà,
àti aláwọ̀ ewé tí mo rì mọ́lẹ̀ nídìí igi ọsàn
nítorí ẹni tó ń wẹ̀ láìwọ bàtà.
A pọnmi kún un. Ó jò.
Ìbítóyè rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Mo gbọ́n gbogbo rẹ̀ dà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ó di alẹ́, kò síná.
Ó di ọ̀la, kò síná.
Iye ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń to igi sínú ààrò
lọ́nà tí mo fi máa gbọ́.

Aago méjì òru, gílóòbù ẹnu ọ̀nà tàn.
Mo sáré jáde, mo fi etí lé ara táǹkì:
ohùn kékeré kan ń kùn nínú, bí ẹni
tó rántí ọ̀rọ̀ kan, tí kò tí ì pinnu láti sọ ọ́.
Mo jókòó tì í. Ọyẹ́ ń gé mi létí.
Mi ò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ dì í mú.

Ní ìdájí, Iye ti ọwọ́ bọ korobá.
Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́.
"Kò rùn èéfín," ló wí. "Bàbá rẹ ì bá máa wá èéfín."
Ìka rẹ̀ ká, ó nà, ó tún ká lábẹ́ omi.
Ó ní kí n bá òun yọ pèlébé yẹn nísàlẹ̀ táǹkì,
òun fẹ́ fi dé ẹnu ìgò epo.

Mo kọ́kọ́ pa iná.
Mo rọ̀ sórí ẹnu rẹ̀, mo ki apá bọ̀ ọ́ dé èjìká.
Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà,
níbi tí omi ò tí ì gbóná.