Bọ́tìnnì Kan

Tábìlì mi ní Kúbúwà kò fẹ̀ rárá.
Kọ̀ǹpútà méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀,
ojú kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní,
kíbọ́ọ̀dù kan, tí lẹ́tà A ti pa rẹ́ lórí rẹ̀.
Lawwali ló ta àpótí kékeré náà fún mi ní Wúsè.
Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ tẹ̀ ẹ́, á yí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kẹ́.
Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tò lọ bí ìjàlọ.
Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ́.
Ìbídùn ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú méjì ti ká.

Nígbà ọyẹ́, eruku wọnú bọ́tìnnì.
Mo tẹ̀ ẹ́, n ò gbọ́ kẹ́,
n ò sì gbójú sókè.
Mo ń kọ̀wé sọ́mọ mi n'Ikìrun:
"Má sunkún mọ́. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."
Ibi tó yẹ kí owó ọkọ̀ Térver wà
lọ̀rọ̀ náà lọ jókòó sí,
mo sì ti fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá mi pè láti Gárkì.
Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
Ó wá dákẹ́ díẹ̀:
"Ṣé o lọ?"