Odù Bí Ta?

Ìwé pẹlẹbẹ kan dé Kétu láti Faransé,
ìtàn ìlú kékeré kan lẹ́yìn Páríìsì:
odò ìfọṣọ, ibùdó rélùwéè,
oko ẹ̀fọ́ tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti gorí rẹ̀.
Yèyé Àwẹ̀ró ò mọ̀wé; àwòrán ló ń wò.
"Háà, oko ni tiwọn náà tẹ́lẹ̀."

Ojú ewé kọkànlélógún: òkúta àwọn tógun pa.
Nísàlẹ̀ pátápátá, ODOUBI.
Mo kà á sókè. Ọwọ́ Yèyé dúró.
"Odù bí? Ó bí ta?"

Odùbíyìí ni bàbá rẹ̀,
tó gba ẹnu Ìdènà jáde lọ́dún tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú,
tí wọn ò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé dè rí.

Ó ní kí n kọ̀wé sí wọn,
kí wọ́n gbẹ́ ìyókù sí i:
yìí.
Ààyè wà lára òkúta,
ó ti fi ìka wọ̀n ọ́n.