Ilé Tí Wọ́n Ní A Ò Gbọdọ̀ Wó

Wọ́n fi tépù àti ìwé lé mi lọ́wọ́ ní Àbújá,
wọ́n ní kí n lọ wọn ilé kan ní Sáríà,
nínú odi, lẹ́yìn Kwárbáì.
Mo débẹ̀ lóṣù kẹrin, ìkùukùu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ,
ètè mi sán bí ògiri tí mo wá wò.

Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dógùn-ún,
orúkọ ìjọba ku ààbọ̀:
Ohun ìrántí ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o.
Ewúrẹ́ kan ń fi ìhà ha òpó rẹ̀.

Ìyá Delu ló ni ilé. Ó ní, "Jókòó ná."
Inú sáúrè la jókòó sí, yàrá àbáwọlé,
níbi tí oòrùn ti ń bọ́ bàtà kó tó wọlé.
Mo béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ.
Ó ní bàbá bàbá ọkọ òun ló mọ tùbálì àkọ́kọ́
lọ́dún tí eṣú jẹ ọkà dójú ilẹ̀,
kí reluwé tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ súmẹ́ńtì.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọdún eṣú.
Ìwé tí mo mú wá kò ní àyè fún eṣú.

Tùbálì: amọ̀ tí a fi koríko pò,
tí a mọ ṣóńṣó bí òkòtó,
tí a sá sóòrùn títí yóò fi le.
Ògiri nípọn nísàlẹ̀ ju bí apá mi ti gùn lọ,
ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń gòkè, bí àgbà tó ń rù.
Lájà, asárá, igi tí ikán tọ́ wò tó tu dànù,
wọ́n tò ó léra, wọ́n fi amọ̀ bò ó,
ó tẹ̀ kọrọdọ láti igun dé igun.
Bàkàn gíso ni Haúsá ń pè é, ọrun Aláǹtakùn,
ohun tí àwa ń pè ní òṣùmàrè.
Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí n lè ya fọ́tò.
N kò tètè dìde.

Ìwo mẹ́rin lórí òrùlé. Ọ̀kan ti ṣẹ́.

Gambo mọlémọlé wọlé, àtàǹpàkò rẹ̀ fẹ̀ bí ṣíbí.
Ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí i. Mo ní nílé tiwa, Ìdòwú ni ì bá jẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìdòwú ń béèrè:
ṣé ìwọ lo mú àṣẹ wá?"

Lọ́dọọdún ló ń rẹ́ ilé yìí kí òjò tó dé,
amọ̀, ìgbẹ́ ẹṣin, omi èèpo igi irú tó pọ́n bí ọtí.
Ìjọba wá kan pátákó, amọ̀ di èèwọ̀.
Wọ́n ní kó kọ̀wé. Ó kọ̀wé.
Òjò ọdún mẹ́ta ti rọ̀ láti ìgbà náà.
Òjò kì í kọ̀wé.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí,
ilé bàbá mi àgbà ní Ìkìrun, alámọ̀ ni, ó ní àkọ̀dì,
kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀.
Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni katapílà fi jẹ ẹ́ tán.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo ń pàtẹ́wọ́.

Nínú yàrá kejì, ipa ìka wà lára ògiri,
ìka ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́ ẹ.
Gambo kó tirẹ̀ sínú ipa náà, ó gbà á.
Mo kó tèmi sí i, àyè ṣẹ́ kù.

Níbi tí ìwé ti ní kí n kọ ipò tí ilé wà,
ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi láti mú ọ̀kan:
ó dára, ó fara rọ, ó ti bàjẹ́.
N kò mú ìkankan. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé:
Mọlémọlé wà. Amọ̀ wà. Ọwọ́ yín la ń wò.

Kí n tó dé Kàdúná, òjò àkọ́kọ́
ti ń ta fèrèsé mọ́tò.