Ẹ̀gún Àrọ̀

Àrọ̀ gún Múfútáù ní àtàǹpàkò
létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán.
Ó fẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, ó tu ú dànù,
ó ní, "Ẹja lásán," ó sì ń tú àwọ̀n rẹ̀ lọ.

Kòkòrò tí ojú kò lè rí ti bá ẹ̀gún wọlé.
Ó kọjá awọ,
ó já sínú sẹ́ẹ̀lì kan bí olè tó gba ojú fèrèsé.
Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò rí i.
Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ mìíràn wà nínú yàrá,
tó ká bí ìgbín nínú karawun.
Kò mọ ojú olè, kò mọ orúkọ rẹ̀.
Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀:
àfọ́kù ara ògiri kòkòrò,
irú amọ̀ tí a kì í fi mọlé níhìn-ín.
Ọwọ́ rẹ̀ bà á nínú òkùnkùn —
ó ṣí, ó nà.

Ó pe èkejì, èkejì pe ẹ̀kẹta,
wọ́n fọwọ́ kọ́wọ́, wọ́n di òrùka,
ọ̀bẹ yọ láàárín wọn,
wọ́n gé okùn ẹnu àpò tí iná wà nínú rẹ̀.
Sẹ́ẹ̀lì náà dá ihò sí ògiri ara rẹ̀,
ó bẹ́, ó kú,
kí olè má baà rí ibi sùn.

Nírọ̀lẹ́, àtàǹpàkò wú bí ikàn,
ó ń sọ kúlúkúlú.
Múfútáù ní ẹja ló ṣì ń bá òun jà.
Èmi tí mò ń fi awò wo ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, mo ní,
"Rárá o. Ìwọ fúnra rẹ lò ń jà."

Bàbá wa rẹ́rìn-ín lórí àga.
Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti wú láti ìjẹta,
bẹ́ẹ̀ àrọ̀ kò gún un.
Iyọ̀ ara rẹ̀ ló dì sínú oríkèé, ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́;
ẹ̀ṣọ́ kan náà fọwọ́ bà á,
ó ṣebí olè ni.
Aṣọ ìbora pàápàá kò gbọdọ̀ kan ìka yẹn.

Kì í ṣe jíjí ló ṣòro.
Àwọn kan wà nínú ara
tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n wí pé, ó tó:
wọ́n ń tú òrùka, wọ́n ń gbé àfọ́kù mì,
wọ́n ń bu omi pa iná.
A kì í gbọ́ ohùn wọn.
A kàn máa ń jí láàárọ̀, tí ara ti tutù.

Lọ́jọ́ kẹfà, Múfútáù ti padà sínú ọkọ̀.
Ó bó awọ òkú kan lára àtàǹpàkò, ó jù ú sómi.
Ẹja kékeré kan gbé e mì.