Páálí Tó Ti Húsítọ́ọ̀nù Dé

Páálí kan ló gbé sórí tábìlì mi ní Òkè-Àrẹ̀mọ,
ọ̀sán Ìṣẹ́gun, iná ò sí, ooru ń mú.
Àbúrò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Húsítọ́ọ̀nù:
awò aláàmì pupa tó ń jẹ bátìrì,
ìfà tuntun tó ń dán bí eyín wúrà,
àpò ọta gígùn,
àti sípíríńgì mẹ́rin nínú ọ̀rá
tí ìwé tó bá a wá ò sọ èwo ni ti kí ni.

Mosúnmọ́lá, olùkọ́ ìṣirò.
Sátidé-Sátidé ló ń lọ yìnbọn sí pátákó ní Mọ́níyà.
Ó ní, "Bàbá Gbádébọ̀, ẹ bá mi so gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn."

Mo gbé ìbọn náà wò. Ìbọn ìléwọ́ kékeré,
ọta rẹ̀ ò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ,
irú ọta tí abẹ́rẹ́ ń gbá létí
bí ẹni gbá ọmọ aláìgbọràn, kó tó dáhùn.
Ẹ̀gbin ẹ̀tù ti dì sínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.
Epo díẹ̀ àti àkísà, ó bùṣe.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Lágùnjú ará Ìdí-Arẹrẹ,
kì í fi nǹkan kún nǹkan.
Bí ìbọn bá ń ṣìnà, a ní,
kọ́kọ́ bi ọwọ́ léèrè.
Ṣùgbọ́n Lágùnjú kú sínú gbèsè owó ilé,
owó ilé-ìwé Gbádébọ̀ sì wà lọ́rùn tèmi.
Mo so gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbọn wá dà bí ọ̀kadà ọmọ Àpẹ́tẹ̀:
díńgí mọ́kànlá,
ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó ń húkọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti padà dé.
Bátìrì kú láàárín ìdíje.
Àpò gígùn há ọta mọ́ ọ̀fun bí eegun ẹja.
Ìfà yẹn, kí n má parọ́, ìfà yẹn dára:
ó rọ̀, ó ń já bí ewé gbígbẹ.
Ọta ṣì ń gba ọwọ́ òsì lọ síbẹ̀síbẹ̀.
Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.
Ó kàn gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó ń ka owó,
mo sì rí i:
ọmọńdinrín rẹ̀ ò dé oríkèé kejì.
"Ẹ̀rọ ata ni, ní Bẹẹrẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí."

Láti ọjọ́ yìí, ìbọn ni mò ń wò.

Mo ní kó fi owó rẹ̀ sápò.
Mo fún un ní amọ̀ tútù, mo ní kó dì í mú
bí ẹni fẹ́ yìn ín, kó má fún un pa.
Mo lọ sọ́jà pákó ní Bódìjà,
mo tọrọ àjákù apá kan lọ́wọ́ ọmọ alápákó.
Kò gba kọ́bọ̀; ó ní ìdáná ni.
Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ èkù náà, lábẹ́ àtùpà,
tí mo ń fá a, tí mo ń fi wé amọ̀,
tí mo ń fi ibi tí ìka ò dé sílẹ̀ kó ga sókè díẹ̀.

Ó dì í mú. Kò sọ nǹkan kan.
Ó dì í mú pẹ́.

Ìfà ṣì wà lára ìbọn. Ìyókù wà lábẹ́ ibùsùn mi.
Àfi awò: Gbádébọ̀ ti ra bátìrì sí i,
ó jókòó lórí àgbàlá lálẹ́,
ó ń fi àmì pupa ka òpó Mápó.